NỌ́ŃBÀ MỌ́TÒ NI KÓ KỌ́KỌ́ DÁ PADÀ!
Bí ìnṣọ́ránsì tó já ṣe gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ jórinjórin ọmọ Ìjẹ̀bú ní New York

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní àdúgbò Bronx, ní ìlú New York, tí ọkùnrin jórinjórin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti kó ẹ̀rọ ìjórin, ìbòjú àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sí bùútù mọ́tò. Ibi iṣẹ́ kan ló ń lọ, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí iná pupa àti iná búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yìn-ìn lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá!

Ọkàn ọkùnrin náà balẹ̀. Kò sáré, kò mutí, kò ru òfin iná ojú títì. Ó mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ jáde, ó mú káàdì ìnṣọ́ránsì jáde pẹ̀lú. Káàdì tuntun ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó sanwó rẹ̀. Ọlọ́pàá gba ìwé méjèèjì, ó padà sínú mọ́tò tirẹ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó máa padà dé, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ìwé mọ́tò yìí, wọ́n sì ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ẹni tó ń wà á. Ó ní kí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n fa mọ́tò lọ. Wọ́n fún un ní ìwé pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní kóòtù. Jórinjórin gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lóko. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bọ́. Kí ló ṣe? Ṣebí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

“MỌ́TÒ TÓ Ń SÙN, ṢÉ Ó Ń JẸUN NI?”

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkùnrin náà ló kú ní Ìjẹ̀bú. Ìyá àgbà ni, ọmọ sì gbọ́dọ̀ wá sin ín. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ó kó gbogbo owó tó ní jọ: owó pósí, owó aṣọ ẹbí, owó màlúù, owó onílù. Mọ́tò rẹ̀, ó lọ gbé e sí àgbàlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó fi aṣọ bò ó.

Nígbà tó ku ọ̀la tó máa wọ ọkọ̀ òfurufú, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè:

“Bàbá Ìbejì, owó ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ńkọ́?”

“Mo ti ní kí wọ́n má yọ ọ́ mọ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀ báyìí?”

“Wàhálà kẹ̀? Mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò wà, kí ni yóò kọlù? Mọ́tò tó ń sùn, ṣé ó ń jẹun ni?”

Ìyàwó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kúkú jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀, gbogbo kọ́bọ̀ ló ń ṣọ́. Àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ New York kò béèrè bóyá mọ́tò ń rìn tàbí ó ń sùn. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ mọ́tò bá ṣì wà nínú ìwé ìjọba, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ onímọ́tò, ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ìbáà wà lábẹ́ aṣọ, ìbáà má ní epo, ìbáà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

Oṣù kan ló rò pé òun máa lò nílé. Wọ́n sìnkú tán, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá dé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì tán, àìsàn ibà dá a gúnlẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé New York, tó sì máa lọ ra ìnṣọ́ránsì mìíràn, ọjọ́ tí mọ́tò rẹ̀ ti wà láìní ìnṣọ́ránsì ti di 104. Ó gba káàdì tuntun, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò mọ̀ pé káàdì tuntun kò lè pa ọjọ́ 104 rẹ́.

Ẹ̀RỌ LÓ Ń SỌ FÚN ÌJỌBA

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ nìyí. Ní New York, kò dìgbà tí ọlọ́pàá bá dá ènìyàn dúró kí ìjọba tó mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì já. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní DMV. Bí ènìyàn bá ra ìnṣọ́ránsì, wọ́n á sọ ọ́ níbẹ̀. Bí ó bá pa á tì, wọ́n á sọ ọ́ níbẹ̀. DMV á wá kọ lẹ́tà sí onímọ́tò pé, “Ìnṣọ́ránsì rẹ dà?”

Ṣé wọ́n kọ lẹ́tà sí jórinjórin wa? Wọ́n kọ ọ́. Àmọ́ Brooklyn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ilé tó ti kó kúrò láti ọdún tó kọjá. Òfin ní kí onímọ́tò sọ fún DMV láàárín ọjọ́ 10 tó bá kó lọ sílé tuntun. Ọkùnrin náà kò sọ. Lójú òfin, lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ilé tó wà nínú ìwé, wọ́n ti fún un nìyẹn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ibi tí ìrókò ti ń dàgbà nìyẹn o, nínú àpótí lẹ́tà onílẹ̀ ní Brooklyn.

ÌṢIRÒ RẸ̀ RÈÉ

Ìyá ọlọ́jà kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ ìṣirò yìí. Bí mọ́tò bá wà láìní ìnṣọ́ránsì fún ọjọ́ 90 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, onímọ́tò lè fi owó ra ara rẹ̀ padà, bí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín oṣù 36 sẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 30, dọ́là 8 lójúmọ́. Ọjọ́ 31 sí ọjọ́ 60, dọ́là 10 lójúmọ́. Ọjọ́ 61 sí ọjọ́ 90, dọ́là 12 lójúmọ́.

Nítorí náà, ẹni tó fi ọjọ́ 30 ṣeré yóò san dọ́là 240. Ẹni tó lo ọjọ́ 60 yóò san dọ́là 540. Ẹni tó lo ọjọ́ 90 gééré yóò san dọ́là 900. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó lè kó nọ́ńbà mọ́tò fún ìjọba, kó sì jókòó sílé fún iye ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì fi já.

Àmọ́ bí ọjọ́ bá fi lè di 91, ilẹ̀kùn owó ti tì nìyẹn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ dọ́là mọ́. Wọn kò ní mú ìwé mọ́tò nìkan, wọ́n á mú láísẹ́ǹsì onímọ́tò mọ́ ọn. Iye ọjọ́ tí mọ́tò fi wà láìní ìnṣọ́ránsì ni ìyà fi máa jẹ ẹni náà, ọjọ́ tó bá sì dá nọ́ńbà padà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí kò bá dá a padà, kíkà kò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tún máa san dọ́là 50 kí láísẹ́ǹsì tó jí.

Ọjọ́ 104. Ọjọ́ 14 péré ló fi kọjá ààlà. Ká ní ó ti ra ìnṣọ́ránsì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tó sì sọ ọ́ fún DMV, owó ni ì bá san, kò ní sọ iṣẹ́ nù.

“Ẹ̀GBỌ́N, ẸNÌ KAN WÀ TÓ Ń TẸ KÁÀDÌ”

Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n péjọ sí pálọ̀ rẹ̀. Olúkúlùkù pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sún mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹnì kan wà tó ń tẹ káàdì. Ó lè fi déètì tó ti kọjá sí i, á dà bíi pé ìnṣọ́ránsì yín kò já rí.”

Ẹlòmíràn ní kí ó lọ forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórí àdírẹ́sì ọ̀rẹ́, pé ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ dínwó. Ẹnì kẹta ní, “Ẹ ṣáà máa wà á. Ẹ̀yìn ilé ni kí ẹ máa gbà.”

Ìyàwó tó gbé omi wá fún wọn ló fèsì kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu.

“Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá. Bàbá Ìbejì kò jalè, kò pa ènìyàn. Ìjọba ní kí wọ́n má wakọ̀ fún oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Ṣé nítorí oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n á fi lọ di ọ̀daràn nílùú onílùú?”

Obìnrin náà sọ òdodo ọ̀rọ̀. Káàdì ayédèrú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí káàdì kọ́ ni DMV ń wò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ ni wọ́n ń wò, ẹni tó ń tẹ káàdì ní kọ̀rọ̀ kò sì lè wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn. Ọ̀daràn ni ìjọba máa pe ẹni tó bá mú ayédèrú lọ síwájú wọn. Bákan náà, ẹni tó ń gbé New York, New York ló gbọ́dọ̀ ti forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ ní New York ló sì gbọ́dọ̀ fún un ní ìnṣọ́ránsì. Irọ́ àdírẹ́sì lè mú kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ní ti pé kó máa gba ẹ̀yìn ilé, ẹni tó bá ń wakọ̀ nígbà tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Tí kò bá tún ní ìnṣọ́ránsì rárá lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, tí kóòtù sì dá a lẹ́bi, ìtanràn rẹ̀ wà láàárín dọ́là 150 sí dọ́là 1,500, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15, wọ́n á fagi lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, á sì tún san dọ́là 750 kó tó lè rí i gbà padà. Ohun tó yọ jórinjórin yìí kúrò nínú kanga tó jìn yẹn ni pé ìnṣọ́ránsì tuntun ti wà lórí mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró. Káàdì tuntun kò gba iṣẹ́ rẹ̀ là, àmọ́ ó gbà á lọ́wọ́ ìyà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌYÁ ONÍṢU NÁÀ BÁ TIRẸ̀ PÀDÉ

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí DMV kọ lẹ́tà sí ló jẹ̀bi. Obìnrin kan tó ń fi mọ́tò kó iṣu, gàrí àti èlùbọ́ kiri fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Brooklyn rí irú lẹ́tà yìí gbà. Àyà rẹ̀ já. Kò pa oṣù kan jẹ rí láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò!

Ọlọ́jà ni, ó mọ ìwúlò rìsíìtì. Ó gbé lẹ́tà náà, ó gbé ìwé owó tó ti ń san, ó di ọ́fíìsì éjẹ́ǹtì tó ta ìnṣọ́ránsì fún un.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo ìwé mi. Oṣù wo ni mi ò san?”

Éjẹ́ǹtì tú ìwé wò. Ó rí i pé orúkọ ló fa gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé mọ́tò, orúkọ bàbá ló gbẹ̀yìn. Nínú ìwé ìnṣọ́ránsì, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti yí orúkọ padà, ó fi orúkọ àbísọ sẹ́yìn, ó tún jẹ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Orúkọ Yorùbá tó gùn, tí òyìnbó kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ìdẹkùn ni bí ènìyàn kò bá ṣọ́ra. Bákan náà ni nọ́ńbà gígùn tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: ẹyọ kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀, ó ti di mọ́tò ẹlòmíràn.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tún orúkọ ṣe, wọ́n fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí DMV láti orí kọ̀ǹpútà tiwọn pé ìnṣọ́ránsì obìnrin yìí kò já rí. Kò san kọ́bọ̀ ìtanràn. Ohun tó gbà á ni pé kò fi lẹ́tà sábẹ́ pílò, kò sì ro pé òun máa fi ẹnu ṣàlàyé fún ìjọba. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ ló rán níṣẹ́.

ÌPÍNLẸ̀ MÌÍRÀN, ÀṢÀ MÌÍRÀN

Amẹ́ríkà kì í ṣe ìlú kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin mọ́tò tirẹ̀. Ní Texas, California, Illinois àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní SR-22. Àwọn kan rò pé ìnṣọ́ránsì ni. Kì í ṣe ìnṣọ́ránsì. Ìwé ẹ̀rí ni, tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé, “Ọkùnrin yìí ti ra ìnṣọ́ránsì lọ́dọ̀ wa, bó bá já, àwa fúnra wa la máa sọ fún yín.” Ẹni tí wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ lè má rí i gbà padà láìsí ìwé yìí, ó sì lè máa gbé e kiri fún ọdún bíi mẹ́ta. Ní Maryland, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, FR-19 ni wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí tiwọn. New York kì í lo SR-22 rárá.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí mọ́tò gbá ni ìdáhùn. Ní ọdún 1927 ni ìpínlẹ̀ Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú onímọ́tò pé kó ní ìnṣọ́ránsì. New York ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1956. Títí di òní, New York ní ìnṣọ́ránsì tó kéré jù gbọ́dọ̀ lè san dọ́là 25,000 fún ẹnì kan tó farapa, dọ́là 50,000 fún ẹnì kan tó kú, àti dọ́là 10,000 fún dúkìá tó bàjẹ́. Ó tún ní dọ́là 50,000 fún ìtọ́jú àwọn tó wà nínú mọ́tò àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó bá gbá ọmọ ọlọ́mọ tí kò ní ìnṣọ́ránsì, níbo ni yóò ti rí irú owó yẹn?

NÍLÉ ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan. Nàìjíríà náà ti ń gba ọ̀nà kan náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba ti gbé owó ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kúrò ní náírà 5,000, tí wọ́n sọ ọ́ di náírà 15,000, tó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò bá bàjẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá sì ti kéde pé àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Níhìn-ín náà, ìwé ọwọ́ nìkan kò tó mọ́. Àkójọ kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì dá sílẹ̀, NIID ni wọ́n ń pè é, tí ènìyàn lè fi nọ́ńbà mọ́tò wádìí níbẹ̀ bóyá ojúlówó ni ìnṣọ́ránsì òun. Ìyá ọlọ́jà tó ní dánfó, ọ̀gá fúlùkanáísà tó ní pikọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ fóònù bá yín wò ó kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ta ìwé fún yín. Bí nọ́ńbà yín kò bá sí níbẹ̀, bébà lásán lẹ rà.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Jórinjórin ọmọ Ìjẹ̀bú gba ọ̀rọ̀ aya rẹ̀. Lọ́yà bá a dé kóòtù, ẹ̀sùn náà fúyẹ́, ó san ìtanràn. Ó san owó fífà mọ́tò àti owó ibi tí wọ́n gbé e sí. Ó yọ nọ́ńbà mọ́tò méjèèjì, ó kó wọn fún DMV, ó sì gba rìsíìtì. Nígbà tí rìsíìtì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé kí wọ́n dá owó dúró. Ọgbọ́n tí ì bá ti lò ṣáájú kó tó lọ sìnkú ìyá rẹ̀ nìyẹn: nọ́ńbà ni kó kọ́kọ́ dá padà, ìnṣọ́ránsì ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò yìí lè lọ ọdún kan sílé, kò sí ẹni tó máa bi í ní nǹkan kan. Bákan náà ni ẹni tó bá ta mọ́tò: kó yọ nọ́ńbà rẹ̀ kó tó fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́.

Fún ọjọ́ 104, rélùwéè ni ọkùnrin náà ń wọ̀. Iṣẹ́ tó wà ní ọ̀nà jíjìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìjórin kò ṣe é gbé lórí nínú rélùwéè. Ọ̀gá kan gbà á sí ṣọ́ọ̀bù, owó ibẹ̀ kò tó èyí tó ń pa tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn ìbejì jẹun. Ìyàwó rẹ̀ lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó ń fi bírò fa ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ tó pé, ọkùnrin náà san dọ́là 50, ó ra ìnṣọ́ránsì, ó gba nọ́ńbà tuntun. Kó tó kúrò ní ọ́fíìsì DMV, ó béèrè fún fọ́ọ̀mù kan sí i. Akọ̀wé ní kí ló tún kù.

“Àdírẹ́sì mi ni. Bronx ni mò ń gbé báyìí.”